Àdìtú ń lé ẹ̀rù kúrò nínú géèmù wa: báwo la ṣe lè mú méjèèjì rìn pọ̀?

Akin_Kubwa
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ọ̀rẹ́ méjì la ń ṣe géèmù kan lórí Godot 4 (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù), fún fóònù Android àti kọ̀ǹpútà. Ibi ìwakùsà tin àtijọ́ kan nítòsí Bukuru, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé, láàárín ọyẹ́. A ò fẹ́ ẹ̀rù òkú tó ń lé èèyàn kiri. Cosmic horror la fẹ́: pé ohun kan wà nísàlẹ̀ tó ju òye ọmọ aráyé lọ, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé èèyàn wà láyé.

Yàrá ẹ̀rọ tó ń fa omi ló ti há mọ́ wa lọ́wọ́. Fáàfù márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbá géèmù gbọ́dọ̀ ṣí mẹ́ta nínú wọn ní ìtẹ̀léra tó tọ́ kí omi inú kòtò tó gbẹ. Tó bá ṣì í, omi á kún, á kú, á padà sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń bá wa dán an wò máa ń rọra yọ́ wọlé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kú bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á kàn máa yí fáàfù bí ẹni ń ṣe ìdánwò WAEC. Nígbà tí a wá mú un rọrùn, wọ́n gba inú yàrá náà kọjá láìwo ohunkóhun. Kí la lè ṣe?

Àṣàkẹ́_Gwarinpa
Akin, ẹ kú iṣẹ́. Ikú yẹn gan-an ló ń lé ẹ̀rù lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá kú, àyà rẹ̀ á já. Nígbà kejì, ó ti mọ bí ikú náà ṣe rí àti bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó padà síbi tó wà. Látìgbà náà lọ, àkókò rẹ̀ nìkan ló ń ṣòfò, kò sí ohun àìmọ̀ tó kù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun àìmọ̀ ni oúnjẹ irú ẹ̀rù tí ẹ ń wá yìí. Ẹ yọ ikú kúrò nínú yàrá náà pátápátá.

Ẹ̀rù lè jókòó síbi mẹ́ta: ọ̀nà tó gbà débẹ̀, àsìkò tó fi ń ronú, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ti rí ojútùú. Àárín ni ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí. Ọpọlọ tó ń ṣírò kì í ráyè bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí àárín dákẹ́, kí ẹ wá fi agbára sí ọ̀nà àti ẹ̀yìn.

Nípa olobó, ẹ pín in sí ìpele. Kí aago bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá wọ yàrá, kó sì dúró nígbà tó bá ń ka ìwé tàbí tó ṣí àpò ẹrù rẹ̀. Tí ìṣẹ́jú 3 bá kọjá láìsí ìlọsíwájú, kí omi máa kán láti ara páìpù fáàfù àkọ́kọ́. Ní ìṣẹ́jú 5, kí abẹ́rẹ́ géèjì ti fáàfù kejì máa gbọ̀n. Ní ìṣẹ́jú 8, kí fáàfù kẹta yí díẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn á ràn án lọ́wọ́, á sì tún kó o láyà sókè. Tó bá ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má dúró de aago, ẹ fo ìpele kan. Ẹ má ṣe kọ olobó sójú fóònù bí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ti yọ lójú ẹ̀rọ ń rán an létí pé géèmù ló ń gbá.

Ọ̀fà_ní_Kàdúná
Mi ò bá Àṣàkẹ́ dé ìdí rẹ̀. Tí kò bá sí ohun tó lè sọnù, fáàfù lásán ni fáàfù. Kí àṣìṣe máa gba ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ dípò ẹ̀mí. Ẹ kọ́ àtẹ̀gùn mẹ́fà sínú yàrá náà: àṣìṣe kan, omi gun àtẹ̀gùn kan. Ibi gbígbẹ tó lè dúró sí á máa dínkù, àwọn nǹkan tó ti rí ní ìsàlẹ̀ á máa pòórá lábẹ́ omi. Tí omi bá dé ibi tábìlì, kí ìwé tó wà lórí rẹ̀ léfòó, kó ṣì ṣeé kà, torí tí ẹ bá gba ẹ̀rí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti tì í mọ́lé láìfún un ní kọ́kọ́rọ́. Ní àtẹ̀gùn kẹfà omi dé àyà, kò sì ní gòkè mọ́. Kò ní pa á. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú omi kan náà pẹ̀lú ohun tí kò rí.

Kí ọwọ́ irin kan wà tó lè fi fa omi sílẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan, ìṣẹ́jú-àáyá 20 lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ń dúró de omi nínú ariwo yẹn á máa wo ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹ fi ohunkóhun síbẹ̀.

Ẹ wo géèmù Amnesia: The Dark Descent ti ọdún 2010. Òkùnkùn àti wíwo ẹ̀dá burúkú ló ń ba ọkàn ẹni náà jẹ́, yíyanjú àdìtú sì ń tún un ṣe. Ìyẹn ni pé àdìtú níye lórí níbẹ̀, ó ń fúnni ní ìsinmi.

Àṣàkẹ́_Gwarinpa
Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, ti àtẹ̀gùn yẹn dára ju tèmi lọ, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe Amnesia náà ló ṣe SOMA ní 2015, ní 2017 wọ́n sì fi Safe Mode sí i: àwọn ẹ̀dá náà ṣì wà, wọn ò kàn lè pa ẹni tó ń gbá a mọ́. Ìtàn náà ṣì ń bani lẹ́rù, torí ẹ̀rù rẹ̀ ò gbára lé ikú.

Èrè ìsinmi tí ẹ sọ yẹn kò bá géèmù Akin mu ní tèmi. Nínú cosmic horror, bí èèyàn bá ṣe ń mọ̀ sí i ni ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wúwo sí i. Tí ojútùú bá mú ìtura wá, ẹ ti sọ fún un pé ayé yìí ṣeé túnṣe.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Jos
Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa ìyà àṣìṣe, ẹ ò tíì fọwọ́ kan àdìtú náà fúnra rẹ̀. Fáàfù márùn-ún, mẹ́ta ní ìtẹ̀léra: 5 × 4 × 3, ìtẹ̀léra 60 péré ni. Tí ẹnì kan bá ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 10 ló máa fi gbìyànjú gbogbo rẹ̀ láìronú rárá, á sì sábà kàn án ní ìdajì àkókò yẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yí i lásán. Tí ẹ bá fi fáàfù kún un, ẹ kàn fi wàhálà kún un. Géèmù Return of the Obra Dinn, 2018, rí ọ̀nà tó dára gbà: àyànmọ́ èèyàn 60 lo máa tú, ṣùgbọ́n géèmù ò ní sọ pé o gbà á àfi tí mẹ́ta bá tọ́ pọ̀. Ìméfò lásán kì í wúlò níbẹ̀.

Ìṣòro tó jinlẹ̀ jù ni pé cosmic horror ń sọ pé òfin ayé kò dúró, àdìtú sì nílò òfin tó dúró. Tí ẹ bá yí òfin padà láàárín àdìtú kí ó lè ṣàjèjì, ẹni náà á pè yín ní oníyànjẹ, á sì tọ̀nà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni òfin àjèjì tí kì í yẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan péré. Bí àpẹẹrẹ: nínú kùsà yìí, omi máa ń ṣàn lọ bá ìró.

Ẹ wá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, garawa omi kan nínú ọ̀nà àbákọjá, rédíò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú omi tẹ̀ sápá rédíò. Kò sí ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, kó rí i ni. Lẹ́ẹ̀kejì, kòtò tí omi dí, abọ́ irin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jù ú sápá kan tó sì dún, omi á fà lọ síbẹ̀, ọ̀nà á ṣí. Lẹ́ẹ̀kẹta ni yàrá fáàfù. Fáàfù kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i, omi á fà sápá rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ òfin á wo ibi tí ojú ihò tí omi ń gbà jáde wà, á mọ èyí tó máa kọ́kọ́ ṣí. Ẹni tó ń yí i lásán á kàn máa da omi láti igun kan sí ìkejì.

Lẹ́yìn tó bá ti yanjú rẹ̀, fáàfù mẹ́ta ń dún pọ̀, kòtò ti gbẹ, gbogbo ilẹ̀ sì ń gbọ́ ìró náà. Ó ti mọ̀ pé ohun tó wà níbí máa ń wá bá ìró. Ẹ má ṣàlàyé ìyókù fún un. Kí ilẹ̀ kòtò gbọ̀n díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dá a dúró níbẹ̀.

Akin_Kubwa
Ẹ̀gbọ́n Gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ ṣeun gan-an, ìyẹn ti yí gbogbo ètò wa padà. Ìró ló wá kù tó ń bà mí lẹ́rù. Ohùn àyíká wa jẹ́ fáìlì kan, ìṣẹ́jú-àáyá 40, tó ń yí po. Àwọn tó pẹ́ nínú yàrá sọ pé ó ti sú wọn. Lórí fóònù pàápàá, ìró ìsàlẹ̀ tó ń kù rìrì kì í jáde rárá. Tí òfin bá wá dá lórí ìró, kí ni ẹni tó pa ohùn fóònù rẹ̀ máa ṣe?

Alùjó_Kano
Ẹ jẹ́ kí n mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyípo: ẹ má lo fáìlì kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta tí gígùn wọn ò bára mu, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 37, 53 àti 71, kí AudioStreamPlayer mẹ́ta (ẹ̀yà Godot tó ń gbé ohùn jáde) máa gbé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ìpàdé wọn tó tún rí bó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa gba ìṣẹ́jú-àáyá 139,231, ìyẹn ju wákàtí 38 lọ. Ẹ fi wọ́n pamọ́ bíi fáìlì ohùn OGG, ẹ má lo MP3 fún ohun tó ń yí po, torí MP3 máa ń fi òfìfo kékeré kan síbẹ̀rẹ̀ àti òpin fáìlì, etí sì máa ń gbọ́ ọ. Ẹ rántí láti mú Loop (àṣẹ pé kó máa yí po) ṣiṣẹ́ nínú Import, ibi tí Godot ti ń gba fáìlì wọlé.

Fóònù: sípíkà kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohun tó wà lábẹ́ nǹkan bíi 200 Hz (Hz ni ìwọ̀n bí ìró ṣe ga tàbí lọ sílẹ̀ tó). Tí ìró yín bá wà ní 40 Hz, òfo ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ fi àwọn ìró tó jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ kún un, 200, 240, 280 Hz, kí agbára wọn máa dínkù bí wọ́n ṣe ń gòkè. Ọpọlọ á fúnra rẹ̀ gbọ́ 40 tí kò sí níbẹ̀. Distortion (dída ìró rú) díẹ̀ lórí ìró náà lè ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ má kàn jẹ́ kó pọ̀ débi pé á máa ha etí.

Ìdákẹ́jẹ́ lágbára ju ariwo lọ. Tó bá ṣe àṣìṣe, ẹ má lu ìró gbàmù. Ẹ fa ohùn àyíká sílẹ̀ ní 6 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó) láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20. Kò ní mọ ohun tó yí padà, ṣùgbọ́n á máa tẹ́tí sílẹ̀. Nígbà tó bá sì tẹ̀ wo géèjì, ẹ fi LowPassFilter, asẹ́ tó ń gé ìró òkè kúrò, sórí bus àyíká (ojú ọ̀nà tí ohùn àyíká ń gbà), kí ẹ rọra mú cutoff rẹ̀, ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí gé, wá sí nǹkan bíi 800 Hz. Yàrá á dà bí ẹni pé ó jìnnà, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì di ibi tí kò gbọ́ mọ́.

Ẹni tó pa ohùn: òfin kò gbọdọ̀ wà lójú ìró nìkan. Ojú omi gbọ́dọ̀ tẹ̀, kó sì máa gbọ̀n lọ́nà ọ̀tọ̀ fún fáàfù kọ̀ọ̀kan. Lórí fóònù, ẹ lo Input.vibrate_handheld, àṣẹ tó ń mú fóònù gbọ̀n, kúkúrú fún fáàfù kékeré, gígùn fún ńlá. Ẹ mú VIBRATE nínú permissions (àwọn àṣẹ tí géèmù ń tọrọ lọ́wọ́ fóònù) ti Android export, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣe ohunkóhun, kò sì ní sọ ìdí.

Ìyá_Ìbejì_Lugbe
Kí ẹ tó dé orí ìró, ṣé wọ́n tilẹ̀ ń rí ojú omi náà? Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ń gbá géèmù lọ́sàn-án, pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, iná fóònù sì ti wà nísàlẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́ nítorí NẸ́PÀ. Òkùnkùn tó rẹwà lórí kọ̀ǹpútà yín, dígí dúdú ni lójú wọn, ojú ara wọn ni wọ́n á máa rí nínú rẹ̀.

Ẹ fi àwòrán ìdánwò síbẹ̀rẹ̀: àmì mẹ́ta lórí dúdú, ọ̀kan tó hàn kedere, ọ̀kan tó hàn díẹ̀, ọ̀kan tí kò yẹ kó hàn. Kí ẹni náà fi ọwọ́ ṣe é títí wọ́n á fi rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín ohun inú yàrá sí méjì. Ohun tí àdìtú nílò gbọ́dọ̀ hàn nígbà gbogbo: etí fáàfù, abẹ́rẹ́ géèjì, ojú omi. Ohun tí ẹ̀rù nílò ni kí ẹ fi sínú òkùnkùn: òrùlé, ìsàlẹ̀ kòtò, ẹnu ọ̀nà tó kù lẹ́yìn. Ẹ má da àwọn méjì yìí pọ̀ láé. Ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan ya fáàfù sọ́tọ̀, torí àwọn kan wà tí pupa àti àwọ̀ ewé kò yàtọ̀ lójú wọn. Ẹ gé etí wọn ní oríṣiríṣi.

Ọyẹ́ tí ẹ mú yẹn, ẹ̀bùn ni. Ó ń fi ibi tí ayé parí sí pa mọ́, fóònù ò sì ní máa ya ohun tó jìnnà. Àmọ́ volumetric fog ti Godot 4, kùrukùru tí ìmọ́lẹ̀ ń hàn nínú rẹ̀, kò ṣiṣẹ́ àfi lórí Forward+, ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta tí Godot ń gbà ya àwòrán. Tí ẹ bá gbé e lọ sórí Mobile tàbí Compatibility, ọ̀nà méjì tó kù, á kàn pòórá. Fog lásán tó wà nínú Environment ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe é funfun bíi kùrukùru òwúrọ̀. Erùpẹ̀ ló wà nínú ọyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ilẹ̀ gbígbẹ, oòrùn inú rẹ̀ sì máa ń ràn fúúfú, tí èèyàn lè wò ó tààrà. Nítorí pé ojú kò ní ríran jìnnà, ẹ fi ìró ṣe àmì ọ̀nà: páànù tó ń lu ara rẹ̀ lápá kan, ẹ̀rọ omi lápá kejì.

Dayọ̀_Lokogoma
Àwọn ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ. Èrò tèmi ni pé kí ẹ gbé e kúrò ní Bukuru wá sí Zuma Rock níbí ní Abuja. Ojú tó wà lára àpáta yẹn ti tó dẹ́rù bani. Ẹ fi ojúbọ kan sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ère Nok kan ṣe kọ́kọ́rọ́ àdìtú, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ègún á mú un.

Àgbà_Suleja
Dayọ̀ ọmọ mi, Zuma kò sí ní Abuja. Ìpínlẹ̀ Niger ló wà, nítòsí Madalla, lójú ọ̀nà Abuja sí Kaduna. Aso Rock ni ti Abuja. Àwọn Gbagyi ló sì ni ìtàn Zuma, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ má mú ibi ọ̀wọ̀ àwọn aládùúgbò wa ṣe ilé èṣù nínú géèmù.

Yàtọ̀ sí ọ̀wọ̀, kò bá iṣẹ́ yín mu. Ojúbọ ní òfin, ó ní olùtọ́jú, ó ní ètùtù. Ohun tí èèyàn lè bẹ̀, tí ó sì lè gbọ́, mọ̀ pé èèyàn wà. Akin ti sọ pé ohun tiwọn kò mọ̀. Ègún náà bẹ́ẹ̀: ẹni tí ègún mú, ẹnì kan ló bínú sí i. Tí ẹ bá fi ègún sí i, ẹ ti sọ ohun ńlá yẹn di ọ̀tá kékeré.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Jos
Àgbà ti sọ ọ́ tán lórí ègún. Ṣùgbọ́n ẹ má ju Nok nù, Bàbá. Nínú ìwakùsà tin ni ère amọ̀ Nok àkọ́kọ́ ti jáde ní 1928, ní abúlé Nok tó wà ní ìpínlẹ̀ Kaduna lónìí, àwọn ère náà sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ó bá kùsà mu. Ẹ lò ó láti fi wọn jíjìn ilẹ̀.

Bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kòtò, kí ògiri máa sọ ọjọ́ orí ilẹ̀. Lókè, páànù àti igo àwọn awakùsà. Lábẹ́ rẹ̀, àfọ́kù ère amọ̀, èyí tí kò lè mú, tó kàn ń rí i lára ògiri. Lábẹ́ ìyẹn, kò sí ọwọ́ èèyàn mọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni granite tí tin ti wá; èyí tó wà ní àgbègbè Jos àti Bukuru tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 160. Tí ẹ bá wá gbẹ́ ihò kan sínú granite yẹn, tí ògiri rẹ̀ dán, láìsí àmì àáké kankan, ẹ ò nílò ẹ̀dá burúkú. Ẹ̀rí ọjọ́ orí tó ti kà lójú ọ̀nà ló máa bá a sọ̀rọ̀. Kí nọ́ńbà jíjìn tó wà lára ògiri jẹ́ èyí tó nílò fún géèjì, kí ó lè wò wọ́n dáadáa. Ibẹ̀ ni àdìtú àti ẹ̀rù ti ń lo ẹ̀rí kan ṣoṣo.

Dayọ̀_Lokogoma
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbà.

Akin_Kubwa
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A máa tún yàrá náà kọ́. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́? Tí a bá bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rù bà yín, gbogbo wọn ló ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀fà_ní_Kàdúná
Ẹ má bi wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n á fẹ́ ṣe yín lóore. Ẹ wá àwọn tí kò tíì rí i rí, márùn-ún tó fún ìgbà kan. Ẹ fún wọn ní earpiece, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ má sọ̀rọ̀ kódà tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè. Kí géèmù fúnra rẹ̀ máa kọ sínú fáìlì: ìgbà tó wọ yàrá, ìgbà tó yí fáàfù kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí olobó jáde, ìgbà tó yí ojú padà wo ẹ̀yìn.

Fáìlì náà á fi nǹkan méjì hàn yín. Tí ààyè láàárín yíyí kan sí èkejì bá ń kúrú sí i, ó ti dẹ́kun ríronú, ó ń yí i lásán. Tí kò bá yíjú wo ẹ̀yìn mọ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀rù ti kúrò. Èkejì yẹn ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìkíní? Ìró tàbí iná ni kí ẹ tún ṣe. Ìkíní ló ṣáájú? Àdìtú ni. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá há, ẹ má tètè yí nǹkan padà; tí mẹ́ta nínú márùn-ún bá há síbì kan náà, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n pé: kí lẹ rò pé ó wà nísàlẹ̀? Tí wọ́n bá ń ka nọ́ńbà fáàfù fún yín, àdìtú ti gba gbogbo àyè.

Àṣàkẹ́_Gwarinpa
Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi ìṣẹ́jú méjì yẹn. Nígbà tó bá ń ka ìwé, kò yẹ kó máa wo ẹ̀yìn. Kí aago náà dúró níbẹ̀, bíi ti olobó.

Ọ̀fà_ní_Kàdúná
Òótọ́ ni, kí ó dúró.

Ìyá_Ìbejì_Lugbe
Akin, nǹkan kan kù. Tí ìwé inú géèmù bá máa wà ní Yorùbá, ẹ lo Noto Sans tàbí fọ́ǹtì mìíràn tó gbé àmì orí àti ti abẹ́ pọ̀. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní ibi kan ṣoṣo nínú Unicode, àmì lórí àmì ni wọ́n fi ń kọ wọ́n, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì géèmù ló sì ń fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ wò ó lórí fóònù gan-an, kì í ṣe nínú editor Godot lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Kí ìwé kọ̀ọ̀kan má sì ju bíi ogójì ọ̀rọ̀ lọ, torí lójú fóònù, ẹni tó bá ní láti fa ojú ìwé sókè-sódò ti gbàgbé kòtò tó wà níwájú rẹ̀.